Àdúrà Tí Mo Fín Sára Ìbọn Olúṣèyí

Èmi Láńrewájú Adédìran ni mo fín àdúrà sára ìbọn Olúṣèyí. Kò rán mi níṣẹ́ yẹn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ní kí n kọ sí i, kó lè rọrùn láti dá a mọ̀ bí olè bá jí i. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé yín, nítorí pé mo ti sọ ohun tó yàtọ̀ sí i rí, mo sọ ọ́ fún ẹni tí kò yẹ kí n purọ́ fún, ojú sì ń tì mí di òní olónìí.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa to àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì dókítà kan ní Duluth. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn wà nínú gáráàjì mi ní Grayson. Mo ní ẹ̀rọ lésà kan níbẹ̀ tó ń fi iná fín ọ̀rọ̀ sára igi, gíláàsì àti irin. Kò sí ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí tàbí ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kì í wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti fín orúkọ sára ife, sára ṣíbí, sára aago ọwọ́, mo tiẹ̀ ti fín orúkọ ìyá ìyàwó sí ìdí ìkòkò irin rí. Mo máa ń fi ọwọ́ mi yangàn gan-an. Bí èèyàn bá gbé nǹkan wá pé orúkọ lásán lòun fẹ́, inú mi kì í dùn sí i, n ó bá a wá ọ̀rọ̀ tó máa kún un lójú. Oyèrónkẹ́ ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi èmi àti ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, a ó kọ ọ̀rọ̀ sára hóró ìrẹsì.

Ìbọn ò sí nínú iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Díákónì kan ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá, ó ní kí n fín àgbélébùú sí i. Ẹnìkejì rí i, ó gbé tirẹ̀ wá. Kí n tó mọ̀, mo ti ṣe márùn-ún, mo sì gba owó iṣẹ́ lórí wọn. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀ pé ó lófin. Ẹni tó bá ń gba ìbọn oníbọn sílé láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Mi ò ní in. Mo ní ṣebí ọnà lásán ni mò ń ṣe, ta ló máa wá yẹ gáráàjì ará Grayson wò?

Ọwọ́ mi ni Olúṣèyí ti mọ Amẹ́ríkà. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti Ìbàdàn dé, oṣù mẹ́jọ ló sì fi gbé ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò lójú ọ̀nà ńlá, èmi ni mo bá a wá sọ́ọ̀tù tó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, kì í sì í ṣe pè é lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ni kó máa tọ́jú àwọn tí mímí ń nira fún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé tí òun àti Adéfọlá ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Smyrna, ìyẹn ló jẹ́ kó lọ ra ìbọn ìléwọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé àádọ́ta ọdún, mo ní kó gbé ìbọn náà wá, kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi bá a ṣọjọ́ ìbí.

"Orúkọ mi nìkan, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Just my name, sir. Tí wọ́n bá jí i, kí police lè mọ̀ pé èmi ni mo ni ín."

Ó fi ìbọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fín orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n òkè irin náà ṣófo, òfìfo yẹn sì ń yọ mí lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni àdúrà tí a máa ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Jímọ̀ sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹni tó bá ti bá wa gba àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ rí mọ̀ pé a kì í fi ọ̀tá ṣeré. A ó ní kó ṣubú, a ó ní kó jóná, a ó pa á tán, a ó tún ní kó má jíǹde. Lẹ́yìn náà a ó jókòó ti ara wa, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, a ó máa béèrè iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ara wa, kò sì sẹ́ni tó ń rántí ọ̀tá kankan mọ́. Láti kékeré ni a ti ń gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò rò ó rí pé ọ̀tá náà lè ní ojú àti imú. Èyí tí Olúṣèyí máa ń ké jù nínú wọn ni: "Ẹni tó ní n kò ní rí ọ̀la, kí òun náà má rí i." Òun ni mo fín. Mo fín in sí òkè irin gan-an, kí ojú rẹ̀ lè máa bá a nígbàkígbà tó bá gbé ìbọn náà sókè. Mo fi àmì sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mi ò fo ẹyọ kan.

Oyèrónkẹ́ gbé omi wá fún mi nínú gáráàjì, ó bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí mò ń ṣe.

"Ṣé òun ló ní kẹ́ ẹ kọ ìyẹn?"

"Kò tíì mọ̀. Surprise ni."

Ó mi orí, ó gbé ife lọ. Mi ò bi í pé kí ló ń mi orí sí.

Lọ́jọ́ tí Olúṣèyí wá gbé e, ó gbé e súnmọ́ iná, ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, sir. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n èyí ò ti pọ̀ jù báyìí?"

"Kí ló pọ̀ jù níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe àdúrà tí ò ń gbà ni?"

"Àdúrà ni, sir. It's just that... ìbọn ni."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn!" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo gbá a léjìká.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Kí ló tún lè ṣe? Bí àgbà bá fún èèyàn ní ẹ̀bùn, a kì í dá a padà, a kì í sì í ní kó lọ tún un ṣe. Adéfọlá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ òun fẹ́ gbé ìbọn náà fún ẹnì kan ní Smyrna kó bá a pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì dúró. Ó ní, "Tí ẹ̀gbọ́n bá ní kí n mú un wá káwọn wò ó ńkọ́?" Òótọ́ ni, mo máa ń béèrè. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ríra ni mo ń béèrè pé ìbọn mi dà. Ìbọn mi ni mo ń pè é.

Oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn ọjọ́ ìbí yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Olúṣèyí lọ ra oúnjẹ ní ilé ìtajà kan lójú ọ̀nà Pleasant Hill ní Duluth. Bó ṣe ń kó ẹrù sẹ́yìn mọ́tò, ọkùnrin kan yọ sí i pẹ̀lú sípánà ńlá tí wọ́n fi ń tú táyà, ó ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá, ó sì gbé sípánà sókè. Olúṣèyí fa ìbọn yọ ní ìbàdí. Ọta kan ṣoṣo ló yìn. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣubú, Olúṣèyí gan-an ló kúnlẹ̀ tì í, tó ń ràn án lọ́wọ́ kó lè máa mí títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé. Eli lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Obìnrin kan jókòó nínú mọ́tò tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé bí Eli ṣe rí ìbọn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, pé ó ti ń lọ kí ìbọn tó dún. Olúṣèyí ní ó ṣì ń bọ̀ wá bá òun ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan sì dí kámẹ́rà ilé ìtajà náà lójú. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ló kojú ti ẹnì kan. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò mú Olúṣèyí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹni tó túmọ̀ ohun tó wà lórí ìbọn fún wọn.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà wá bá mi nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkùnrin onísùúrù ni, ó bọ́ fìlà kó tó wọlé. Mo mú un jókòó ní kíṣìnì. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, mo sì yege. Ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbúra sí wà lára fíríìjì lẹ́yìn orí ọkùnrin náà, èmi tí mo kọjú sí i ni mò ń rí i.

Ó béèrè bóyá èmi ni mo fín in. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè ẹni tó yan ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní ohun tí oníbàárà bá mú wá ni mo máa ń kọ.

Ó béèrè bóyá ìbọn náà sùn lọ́dọ̀ mi. Mo ní rárá o, pé Olúṣèyí dúró tì mí títí mo fi parí, ó sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ọkàn mi balẹ̀! Mo ní mo gbọ́n.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti bi Olúṣèyí ní ìbéèrè kan náà, ó sì ti dáhùn pé orúkọ òun nìkan lòun ní kí wọ́n kọ, pé òun ò sí níbẹ̀, pé ẹ̀bùn ni. Báyìí ni mo ṣe sọ ọ́ di òpùrọ́ lójú wọn. Bó bá lè purọ́ lórí èyí, kí ni kò lè purọ́ lé lórí? Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n mú un fún ìpànìyàn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó gba béèlì rẹ̀, wọ́n sì so ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó má baà kúrò nílé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo dìde tí mo ní kí a gbàdúrà fún un. Mo gbàdúrà náà débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Oyèrónkẹ́ ti gbọ́ irọ́ tí mo pa ní kíṣìnì. Lẹ́yìn tí wọ́n gba béèlì Olúṣèyí, kò bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀hún fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń fọ abọ́, ó kẹ̀yìn sí mi.

"Daddy Praise, ẹ ti pe detective yẹn padà?"

"Kí n pè é ṣe kí ni?"

"Mo wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń fín in. Mo bi yín."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sí Nigeria ni? Ọjọ́ ìbúra mi ò ju ogún ọjọ́ lọ mọ́! Ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi dúró de ìwé yìí?" Mo gbaná jẹ, mo fi ọwọ́ lu tábìlì, mo ní gbogbo ilé yìí ló fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, pé ṣebí Olúṣèyí ló yìnbọn, èmi kọ́.

Kò gbóhùn sókè. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ẹni tó gbé inú basement wa ni o. Ó ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n." Ó ń bá abọ́ rẹ̀ lọ.

Mo jáde lọ sínú gáráàjì. Mo tan ẹ̀rọ, mi ò rí nǹkan kan fín, mo pa á.

Lọ́yà Olúṣèyí, Nathaniel, ọkùnrin dúdú ará Atlanta tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, pè mí ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó ṣàlàyé pé adájọ́ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn kí ẹjọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bí adájọ́ bá gbà pé Olúṣèyí ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹjọ́ parí. Bí kò bá gbà, ìgbẹ́jọ́ ìpànìyàn ló kàn, ó sì lè kú sí ẹ̀wọ̀n. Ó ní agbẹjọ́rò ìjọba máa gbé ìbọn náà síwájú adájọ́, á ní ẹni tó kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sórí ìbọn ti ń wá ẹni tó máa pa tipẹ́, ó kàn ń dúró de ọjọ́ ni.

"Oníbàárà mi ní kí n má yọ yín lẹ́nu," ló wí. "Ó ní ẹ máa wá fúnra yín. Èmi ò ní àkókò tí mo lè fi dúró, ìdí nìyẹn tí mo fi pè."

Mo ti ń ṣe agídí láti ọjọ́ yìí wá, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn borí agídí mi. Ẹni tí mo dà ló ń fi mí yangàn! Mo lọ rí lọ́yà tèmi. Ó ní bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà, kí n gbà pé wọ́n máa dá ìbúra mi dúró, wọ́n sì lè bi mí nípa ìwé àṣẹ tí mi ò ní àti irọ́ tí mo pa fún ọlọ́pàá. Mo ní mo ti gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo wa mọ́tò lọ sí Smyrna.

Adéfọlá ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi, kò sì wò mí lójú. Olúṣèyí jókòó sórí àga, ó ti rù, ẹ̀rọ dúdú yẹn hàn lábẹ́ sòkòtò rẹ̀. Kó tó dìde, èmi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jù ú lọ.

"Ha! Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Fọlá, bá mi gbé wọn dìde!"

Àwọn méjèèjì fà mí dìde. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn, ìwé ara fíríìjì, ìwé àṣẹ, irọ́ méjèèjì. Mo ní mò ń bọ̀ wá tún un sọ níwájú adájọ́. Adéfọlá bú sẹ́kún. Olúṣèyí ń fi ọwọ́ nu orókún rẹ̀ bí ẹni tí ìdọ̀tí wà lára rẹ̀.

"Mo sọ fún lawyer," ló wí. "Mo ní ẹ máa wá." Ó ní kí Adéfọlá lọ wá nǹkan tí mo máa jẹ. Nígbà tí ìyẹn jáde, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ case yìí. Fọlá gan-an ò mọ̀. Obìnrin yẹn ò purọ́, sir."

"Obìnrin wo?"

"Èyí tó wà nínú mọ́tò. Ọkùnrin yẹn ti ń padà sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, but he was leaving. Mo rí i pé ó ń lọ."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ̀rù ti bà mí kọjá. Àdúrà yẹn ti bọ́ sí mi lẹ́nu, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó wà níwájú mi lórí ìbọn, mò ń kà á, bíi ká wà ní Friday service. Bí mo ṣe ṣe àmín ni ìbọn dún."

Mo ki ọwọ́ tí mo fi fín ọ̀rọ̀ náà bọ àpò.

"Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè máa dá ara yín lẹ́bi o," ló wí. "Ọwọ́ mi ló yìn ín. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ ni."

Adéfọlá gbé ìrẹsì dé. Mo jẹ ẹ́, nítorí pé wọ́n gbé e síwájú mi. Mi ò mọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Ilé ẹjọ́ náà wà ní Lawrenceville. Ọjọ́ Tuesday ni, ọjọ́ ìbúra mi ò sì tíì pé. Oyèrónkẹ́ jókòó ti Adéfọlá lẹ́yìn Olúṣèyí. Ní apá kejì, ìyá àgbàlagbà kan nìkan ló dá jókòó, ó wọ aṣọ búlúù bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́yà Nathaniel sọ fún mi pé ìyá Eli ni. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo búra pé òtítọ́ ni n ó sọ, òtítọ́ nìkan.

Mo sì sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo yan ọ̀rọ̀ náà, èmi nìkan. Mo ní orúkọ ló béèrè, pé ọjọ́ mẹ́ta ni ìbọn náà fi wà lọ́dọ̀ mi, pé mi ò ní ìwé àṣẹ, pé mo purọ́ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nítorí ẹ̀rù ìbúra mi. Adájọ́ ní kí n ṣàlàyé irú àdúrà tó jẹ́. Mo ní àdúrà tí gbogbo wa ń gbà ni, ìyá mi gbà á, àwọn ọmọdé wa ń gbà á, a kì í ní èèyàn kankan lọ́kàn. Ìyá Eli ń wò mí ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ èyí.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, kò jágbe mọ́ mi.

Ó ní, "Ẹ ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ló dé tí a fi máa gbà yín gbọ́ lónìí?"

Mo ní, "Nítorí pé irọ́ ìjọsí ṣe mí láǹfààní. Ohun tí mò ń sọ lónìí máa pa mí lára."

Mo rí i tí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn. Kódà níbẹ̀, mo ṣì rí àyè láti fi ẹnu mi yangàn.

"Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti gba béèlì?"

"Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ǹjẹ́ ó sọ fún yín nípa bí ọkùnrin náà ṣe dúró nígbà tó yìnbọn fún un? Tàbí bóyá ọ̀rọ̀ orí ìbọn yẹn wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà?"

Olúṣèyí ń wo tábìlì. Kò gbójú sókè bẹ̀ mí, kò sì mi orí. Ó fi í sílẹ̀ fún mi, bó ṣe fi ìbọn náà sílẹ̀ fún mi ní ọjọ́ kìíní. Mo rò ó pé mo ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí ara mi. Mo rò ó pé bí mo bá la ẹnu mi báyìí, n ó tún bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òtítọ́ ni n ó sì fi bà á jẹ́.

"Rárá," ni mo wí.

Ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni adájọ́ sọ ìpinnu rẹ̀. Ó ní obìnrin inú mọ́tò yẹn jìnnà, oòrùn sì wà lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó wá jẹ́rìí tako ara rẹ̀, tó mọ̀ pé òun máa jìyà rẹ̀, ṣòro láti pè ní òpùrọ́, pé òun gba ẹ̀rí mi wọlé pátápátá. Ó ní Olúṣèyí gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni, kó máa lọ sílé. Adéfọlá ké halelúyà, ó ṣubú mọ́ Oyèrónkẹ́. Olúṣèyí dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú. Ìyàwó mi fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra, mi ò gbọ́ kó pè é báyẹn rí.

Mo ní mò ń lọ tọ̀, kí n lè dá wà. Ìyá Eli ló bá mi ní ọ̀nà àbájáde. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kí n lè dúró.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ó yọ ìwé péńpé kan nínú báàgì rẹ̀. Ìtumọ̀ àdúrà náà ni, ó ti ká a, ó ti tú u, títí ìlà àárín rẹ̀ fi fẹ́ já. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún òun lòun ti ń kà á, pé òun rò pé ọkùnrin yẹn jáde nílé lọ́jọ́ náà láti wá ọmọ òun pa. Ó ní ohun tí ọmọ òun ṣe ò dáa, òun ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé oògùn olóró ló bà á jẹ́.

"Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń wá," ló wí. "Láti kékeré ni Eli ti jẹ́ ẹni tó jẹ́ pé bí o bá jágbe mọ́ ọn, á fà sẹ́yìn. Kò ní dúró jà. Gbogbo wọn ń sọ fún mi pé kò fà sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, àfi bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni mo sin. Ẹ̀yin àti ọkùnrin yẹn súnmọ́ra. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ọmọ mi ti ń padà?"

"Mi ò mọ̀, mà," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ọ̀tún mi mú. Ó ní kò burú. Ó ní gbogbo èèyàn tó wọ ilé ẹjọ́ yẹn láti òwúrọ̀, èmi nìkan ni òun rí tó wá sọ òtítọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.